Ṣé Ó Tọ́ Ká Wọkọ̀ Nítorí Ọ̀fàdà?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun tó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157. Láti ìgbà náà ni Abẹ́òkúta ti di ibi tí ará Èkó lè yà lọ lópin ọ̀sẹ̀ láìṣe wàhálà. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta láàárọ̀ Sátidé, kò ní tó wákàtí méjì tí yóò fi sọ̀ ní Ládẹ̀rìn, sítéṣọ̀n Abẹ́òkúta. Àwọn kan ń wá nítorí òkú àti ìgbéyàwó, àwọn kan nítorí òkè Olúmọ, àwọn kan nítorí àdìrẹ Ìtòkú. Àwọn kan sì wà tí kò sí ohun tó ń gbé wọn wá ju oúnjẹ lọ: ìrẹsì ọ̀fàdà inú ewé, láfún àti ewédú, ẹja odò.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, lásìkò tí ọ̀pọ̀ ilé ti sọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n ń jẹun lóòjọ́ di ẹ̀ẹ̀kan? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu àwọn méjì. Àjàní jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó fẹ́ràn oúnjẹ tọkàntọkàn. Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìbàrà, ní Abẹ́òkúta. N kò ní fi ibi tí mo dúró sí pa mọ́: ti Àǹtí ni mo fara mọ́ jù. Ṣùgbọ́n Àjàní ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí n kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí.

ÀJÀNÍ: Ẹ kúulé, Àǹtí.

ÀǸTÍ: Káàbọ̀, Àjàní. Ará Èkó ńkọ́? Kí ló dé tí o yọ láìròtẹ́lẹ̀ báyìí? Ṣé kò sí nǹkan?

ÀJÀNÍ: Kò sí nǹkan mà. Oúnjẹ ni mo bá wá. Mo kọ́kọ́ yà ní Kútọ̀, mo jẹ ọ̀fàdà ewé kan. Ata inú ọbẹ̀ yẹn, irú tó wà níbẹ̀, epo tí wọ́n jó títí tó fi là, ṣàkì tó rọ̀ tí kò sì yọ́, n kò rí irú rẹ̀ jẹ ní Èkó. Lọ́la mo fẹ́ jẹ láfún ní Láfẹ́nwá kí n tó padà.

ÀǸTÍ: Ìyẹn ni pé ikùn rẹ ló gbé ọ wọkọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wíwá, owó tíkẹ́ẹ̀tì lílọ, owó kéèkè láti Ládẹ̀rìn wọ ìgboro, gbogbo rẹ̀ nítorí ohun tí yóò kọjá lọ́nà ọ̀fun kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ̀bìà ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀.

ÀJÀNÍ: Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí, orúkọ yẹn kò bá mi mu. Wọ̀bìà ni ẹni tó jẹ tirẹ̀ tán tó tún ń wo abọ́ ẹlòmíràn. Wọ̀bìà kì í bìkítà ohun tó ń jẹ, kó ṣáà ti pọ̀. Èmi kò jẹ ju ewé kan lọ, mo sì mọ ohun tí mo jẹ. Ká ní Olúmọ ni mo wá wò, ṣé ẹ ó bá mi wí? Ká ní àdìrẹ ni mo wá rà, ẹ ó yìn mí pé mo fẹ́ràn ohun ìbílẹ̀ wa. Ojú lè rìnrìn àjò nítorí ẹwà, ara lè rìnrìn àjò nítorí aṣọ. Kí ni ahọ́n ṣẹ̀?

ÀǸTÍ: Bí o bá wo Olúmọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dín kù. Ẹni tó bá gòkè lẹ́yìn rẹ yóò bá a bó ṣe wà. Oúnjẹ tí o bá jẹ, ẹlòmíràn kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń ṣọ́ ẹnu ọmọ ju bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ojú rẹ̀ lọ.

ÀJÀNÍ: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. Olúmọ kò nílò ẹni tí yóò wò ó kó tó lè wà. Ọ̀fàdà nílò ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìrẹsì yìí kì í so púpọ̀ bí àwọn irúgbìn tuntun. Ó ń lókùúta, ó ń rùn, ó sì ń pẹ́ lórí iná. Nígbà tí ìrẹsì òkè òkun dé, funfun báláú, tí kò lókùúta, tó ń jinná wéré, kí ni ìbá mú kí àgbẹ̀ ìlú Ọ̀fàdà tàbí ti Mókólókí tún gbin tirẹ̀? Àwọn tí ahọ́n wọn mọ ìyàtọ̀ ni kò jẹ́ kó parẹ́. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn sọ pé ìrẹsì tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà gan-an wà nínú ohun tí a ń pè ní ọ̀fàdà, ó dàpọ̀ mọ́ ti Éṣíà. Ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà yẹn, lápá òkè odò Ọya ni àwọn àgbẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, láyé ọjọ́un, kí Òyìnbó kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ nítorí pé ojú ń tì wá láti sọ pé ó dùn?

ÀǸTÍ: O ti kàwé dáadáa. Ṣé o ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é?

ÀJÀNÍ: N kò tíì dé ibẹ̀.

ÀǸTÍ: Èmi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní apá Owódé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Kí ìrẹsì tó gbó, ẹyẹ ti bò ó. Àwọn ọmọ ló ń lé ẹyẹ, láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Lásìkò náà, àwọn àga kan a máa ṣófo ní kíláàsì mi, n kì í sì í béèrè ìdí, torí mo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á lù ú, wọ́n á fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, títí omi náà yóò fi kan. Ibẹ̀ ni òórùn ọ̀fàdà ti ń wá. Wọ́n á wá bọ̀ ọ́ lórí iná igi, nínú àgbá, èéfín á máa wọ obìnrin lójú. Wọ́n á sá a. Etí títì ọlọ́dà ni ọ̀pọ̀ ń sá a sí, torí pé ibẹ̀ ló tẹ́jú tó sì gbóná, ibẹ̀ náà sì ni òkúta ti ń bá a wọlé. Ó tún ku kó dé ẹnu ẹ̀rọ, ó ku fífẹ́ èèpo, ó ku kí wọ́n jókòó sílẹ̀ ṣa òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n. Òórùn tí ẹ ń pè ní adùn ní Èkó, ara aṣọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló ń sùn mọ́jú. Nínú owó ewé kan tí o san ní Kútọ̀, èló ló dé ọ̀dọ̀ wọn?

ÀJÀNÍ: N kò mọ̀.

ÀǸTÍ: Láfún tí o fẹ́ jẹ lọ́la náà ńkọ́? Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kó lè rọ̀, kí májèlé inú rẹ̀ sì jáde. Wọ́n á gbé e lórí lọ sá sórí àpáta. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á sáré lọ kó o. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán á ní ó fúyẹ́.

ÀJÀNÍ: Àǹtí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀sùn yìí dáadáa. Iye owó ló kàn, kò kan ìrìn àjò mi. Bí mo bá jókòó sí Èkó tí mò ń jẹ ìrẹsì òkè òkun, àwọn obìnrin yẹn kò ní rí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

ÀǸTÍ: Má sáré. Mo ń bọ̀ lórí iye owó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìkòkò. Obìnrin tí o jẹ oúnjẹ rẹ̀ yẹn, àwọn wo ni oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì? Bírikìlà ni, ọlọ́kadà ni, alábàárù ni. Ìkòkò ìrẹsì kan ló ń sè. Ní Sátidé, ẹ̀yin tí ọkọ̀ já sílẹ̀ á dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ ó jẹ, ẹ ó tún di márùn-ún mẹ́fà sínú ọ̀rá lọ sílé. Bírikìlà yóò dé ní aago méjì, ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá tó jẹ́ kó sinmi, á bá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Láti aago méje ló ti ń ru búlọ́ọ̀kù. Bùrẹ́dì àti omi ọlọ́ràá ni yóò jẹ lọ́jọ́ náà. Ìwọ tí ebi kò pa, o jẹ. Òun tí ebi pa, kò rí jẹ. Ohun tí mo pè ní wọ̀bìà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ewé kan ṣoṣo lo jẹ.

ÀJÀNÍ: Kí olóúnjẹ sè sí i. Ohun tí ọjà ń ṣe nìyẹn.

ÀǸTÍ: Kí ni yóò fi sè é? Àwìn ló fi ń ra ata. Bó bá se ìkòkò méjì, tí òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ náà tí ẹ kò wá, gbèsè ni ìkòkò kejì. Ohun tó rọrùn fún un jù ni kó fowó lé oúnjẹ. Bí owó bá sì gòkè ní Sátidé, kì í sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Rántí irú àkókò tí a wà. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó oúnjẹ fi ìdá 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ. Nínú ọdún 2024 yẹn kan náà ni wọ́n fòfin gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé ₦70,000. Bírikìlà tí mò ń sọ kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí òfin yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó òòjọ́ ló ń gbà, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà.

ÀJÀNÍ: Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ̀yin olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, àwọn kan sọ fún yín pé kí ẹ ṣàánú àwọn ọmọ tálákà, kí ẹ padà sí kíláàsì. Inú bí yín. Ẹ ní ẹ̀yin náà lọ́mọ. Ìyá olóúnjẹ yìí náà lọ́mọ nílé ìwé. Ó ń san owó ilé. Aago mẹ́rin ìdájí ló jí láti gé ata. Ẹ wá ní kí oúnjẹ rẹ̀ má wọ́n, kí bírikìlà lè máa rí i jẹ. Ta ló yàn án pé àìní tirẹ̀ ni kó máa fi bọ́ àwọn aláìní tó kù? Èmi tí mo ti Èkó wá, èmi ni mo fẹ́ san iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó. Bí mo bá jẹ́ kí owó rẹ̀ gòkè, oore ni mo ṣe fún un. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó dúró síbi tó wà, ẹ̀yin ni ẹ ń jẹ òógùn rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo sọ pé n kò rí ìdáhùn sí nìyí. A ti mọ́ra láti máa retí kí olóúnjẹ ṣe ìyá fún wa: kó bu ú kún, kó fún wa láwìn, kó mọ̀ pé oṣù kò tíì parí. Owó tí ọ̀gá bírikìlà kò san, ọwọ́ obìnrin tó jókòó ti ìkòkò ni a ti ń gbà á, a sì ń pe ìyẹn ní ìfẹ́ ará ìlú. Àǹtí pàápàá kò sáré dáhùn.

ÀǸTÍ: Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò ní sọ pé irọ́ ni. Owó òòjọ́ bírikìlà ni kò tó. Kì í ṣe oúnjẹ obìnrin náà ló wọ́n jù. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ èmi àti ìwọ láti fowó kún owó bírikìlà lónìí, bírikìlà sì gbọ́dọ̀ jẹun lónìí. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ìrẹsì ló dá a sílẹ̀, ìlú yìí ló sì ti ṣẹlẹ̀.

ÀJÀNÍ: Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́.

ÀǸTÍ: Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí oúnjẹ di ohun tí ìjọba amúnisìn ń fàṣẹ darí, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní Abẹ́òkúta. Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ ti àwọn ìyáàfin tó kàwé. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni olórí wọn. Iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè, bí a ṣe ń gba àlejò, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ara wọn. Àwọn náà mọ oúnjẹ dídára, bíi tìrẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí dé etí wọn, wọn kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọjà kò kan àwọn. Wọ́n pariwo rẹ̀ síta títí àwọn aláṣẹ fi dáwọ́ gbígba ìrẹsì náà dúró. Láti ibẹ̀ ni àwọn àti obìnrin ọjà ti di ọ̀kan. Ní ọdún 1946, orúkọ wọn di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní 1947, wọ́n kóra jọ sí ààfin Aké nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tó fi máa di oṣù Kínní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba ìlú yìí, ti fi orí oyè sílẹ̀, ọdún 1950 ló tó padà.

ÀJÀNÍ: Mo mọ̀ nípa owó orí yẹn. N kò mọ̀ pé ìrẹsì ló ṣáájú.

ÀǸTÍ: Ìrẹsì ló ṣáájú. Ọkọ̀ ojú irin tí o wọ̀ láàárọ̀ gba Pápáláńtò kọjá, orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni wọ́n fi sọ sítéṣọ̀n ibẹ̀. Wàyí o, àwọn tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin nígbà náà kò rí ara wọn bí olè. Wọ́n ní ogun là ń jà, ènìyàn pàtàkì ló fẹ́ jẹun. Ohun tó sọ ọ́ di ìwà ìkà ni pé àwọn jẹ, ẹlòmíràn sì ru owó rẹ̀. Nítorí náà n kò bi ọ́ léèrè mọ́ pé kí ló dé tí o fi rìn jìnnà nítorí oúnjẹ. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, oúnjẹ tí o jẹ yẹn, ta ló ru owó rẹ̀?

ÀJÀNÍ: Èmi ni. Iye tó pè ni mo san. N kò ná an.

ÀǸTÍ: O kò béèrè èènì?

ÀJÀNÍ: Mo béèrè. Ó sì fi ṣíbí ìrẹsì kan àti pọ̀nmọ́ kan sí i, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àǹtí, ẹ má sọ pé èènì náà di ẹ̀ṣẹ̀! Èènì ló jẹ́ kí ọjà wa yàtọ̀ sí ti ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá fún mi ní èènì ti sọ mí di èèyàn rẹ̀. Bí mo bá kọ̀ láti béèrè, bí ẹni tó ń fi owó yangàn ni n ó rí lójú rẹ̀.

ÀǸTÍ: Èènì jẹ́ ohun rere láàárín ẹni tó ń rà lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń tà lójoojúmọ́. Lónìí ó fún ọ, lọ́la wàá padà wá, èrè rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ, ìgbà wo lo tún ń bọ̀? Ẹni tó bá ń gba èènì tí kò ní padà wá ti sọ ọ́ di owó òde. Ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí pé inú rẹ̀ dùn. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín sí oníbàárà?

ÀJÀNÍ: N kò gbà. Bí kò bá fẹ́, kó sọ pé kò gba èènì. Àwọn olóúnjẹ Abẹ́òkúta tí mo mọ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

ÀǸTÍ: A ó fi ti èènì sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ máa rò ó, èmi náà á máa rò ó.

ÀJÀNÍ: Ó dáa mà. Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi ni pé, kí n fi owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe sàráà. Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà ń rò nìyẹn?

ÀǸTÍ: Rárá. Sàráà ní àyè tirẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹni tí kò lè tajà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé ká bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé ìkòkò kaná, oníbàárà ló ń wá. Bí o bá gbé owó lé e lọ́wọ́ láìjẹ oúnjẹ rẹ̀, o ti tàbùkù iṣẹ́ rẹ̀.

ÀJÀNÍ: Mo dúpẹ́ pé a jọ rí ìyẹn bákan náà. Ibì kan sì tún wà tí ahọ́n mi wúlò. Àwọn kan ń po ìrẹsì olówó pọ́ọ́kú mọ́ ọ̀fàdà, wọ́n á di í sínú ewé eéran, ewé á fún un ní òórùn, wọ́n á sì gba owó ọ̀fàdà gidi. Ẹni tí ebi ń pa kò ní mọ̀, kò sì lágbára láti bá wọn jà. Ẹni tó bá ti ń jẹ ẹ́ káàkiri ni yóò mọ̀, tí kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí irú wa kò bá sí, olóòótọ́ olóúnjẹ kò ní èrè kankan lórí òtítọ́ rẹ̀.

ÀǸTÍ: Mo gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí o máa ṣe é. Ìbínú mi sí jíjẹ rẹ ti tán. Bí ẹ ṣe ń dé ló kù tó ń dùn mí.

ÀJÀNÍ: Báwo ni kí a máa dé?

ÀǸTÍ: Ẹ ń yọ sí àwọn olóúnjẹ lójijì. Obìnrin náà kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, nítorí náà inú ìkòkò bírikìlà ni ẹ ti ń jẹ. O ní nọ́ńbà rẹ̀?

ÀJÀNÍ: Mo gbà á lónìí.

ÀǸTÍ: Bí o bá tún ń bọ̀, pè é ní Ọjọ́bọ̀. Sọ iye ewé tí o fẹ́, kí o sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀. Owó yẹn ni yóò fi ra ìrẹsì, ata àti ẹran láìtọrọ àwìn. Ìkòkò tìrẹ á dá wà. Bí òjò bá rọ̀ tí o kò bá rí ọkọ̀ wọ̀, ìwọ lo pàdánù, òun kò pàdánù. Bí ó bá sì fowó lé tìrẹ nítorí pé ó jẹ́ àkànṣe, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ti bírikìlà á wà ní iye tó wà.

ÀJÀNÍ: Kí n san owó fún ẹni tí mo rí lẹ́ẹ̀kan? Bí kò bá wá sè é ńkọ́?

ÀǸTÍ: O san owó ọkọ̀ ojú irin kí o tó fojú kan ọkọ̀. O ń san owó dátà kí o tó lò ó. Owó iná mànàmáná pàápàá, o ń ra káàdì rẹ̀ ṣáájú, iná kò sì dájú. Gbogbo àwọn ńlá wọ̀nyẹn lo fọkàn tán. Olóúnjẹ nìkan ni o fẹ́ kó kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ se oúnjẹ dè ọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní ni gbogbo wa fẹ́ kó fún wa láwìn?

ÀJÀNÍ: Ẹ ti mú mi. N kò ronú débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyẹn á ba adùn kan jẹ́ fún mi. Apá kan ìgbádùn yìí ni pé kí n rìn kiri, kí òórùn irú pè mí láti ibi tí n kò mọ̀, kí n yà síbẹ̀.

ÀǸTÍ: Máa yà, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá ti jẹun. Bí ó bá kù, jẹ ẹ́. Bí kò bá kù, máa lọ síbòmíràn. Abẹ́òkúta kò ṣaláìní oúnjẹ.

ÀJÀNÍ: Ó dáa. Ti olóúnjẹ àti ti bírikìlà ti yanjú díẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa òkúta ńkọ́? Owó Ọjọ́bọ̀ yẹn kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

ÀǸTÍ: Díẹ̀ á dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n alágbàtà ló pọ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ ni pé kí o ra ìrẹsì lọ́wọ́ wọn fúnra rẹ. Ọ̀fàdà àti Mókólókí, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni wọ́n wà, ọ̀nà náà kò jìn. Lọ ra kóńgò bíi mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó pa á, san iye tó bá pè, kí o gbé e wá fún ìyá olóúnjẹ rẹ kó fi sè fún ọ, tàbí kí o gbé e lọ sí Èkó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Wàá tún rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ náà. Èyí tó kù, tìjọba ni. Ó yẹ kí ibi ìsárẹsì onísìmẹ́ǹtì àti ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta wà káàkiri gbogbo abúlé wọ̀nyẹn, kí ó má jẹ́ pé ojú títì ni ìrẹsì tí a fi ń yangàn lórílẹ̀-èdè yìí ti ń gbẹ.

ÀJÀNÍ: Ìyẹn á gba gbogbo Sátidé mi.

ÀǸTÍ: O ní o fẹ́ràn oúnjẹ. Sátidé kan kò pọ̀ jù fún un.

ÀJÀNÍ: Ṣé ẹ ó bá mi lọ?

ÀǸTÍ: Bí ìkórè bá bẹ̀rẹ̀, n ó bá ọ lọ. Àwọn tí mo kọ́ ní ìwé wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ti ń gbin ìrẹsì tiwọn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá san owó ọkọ̀ àwa méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dúró sí nìyẹn. Ti èènì kò yanjú, èmi náà kò sì ní yanjú rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wá nọ́ńbà olóúnjẹ yín lónìí. Ẹ pè é ní Ọjọ́bọ̀, ẹ sọ iye ewé tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó lọ sọ́jà.